Àwọn Bàbá Wọ́ọ̀fù àti Abẹ́rẹ́ Òtútù Àyà

Mo ti lo ọdún mẹ́fà ní kíliníìkì ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá kí Dókítà wa tó pè mí sí ọ́fíìsì wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, tí wọ́n ní kí n jókòó. Wọn kì í ní kí nọ́ọ̀sì jókòó. Ìdúró ni wọ́n ti máa ń bá wa sọ̀rọ̀, àwọn náà á sì wà lórí ìdúró. Nítorí náà, ọkàn mi kọ́kọ́ lọ síbi tí kò dáa. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

Apá ìparí àwọn ọdún 1980 la wà nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tó gbà wá, ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń já ní wọ́ọ̀fù. Kíliníìkì wọn kò tóbi, yàrá mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n àwa la ń tọ́jú àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àwa náà la ń tọ́jú àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó wọn, títí kan àwọn opó. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ajégúnlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé, Yorùbá, Ùróbò, Íjọ̀, Ígbò, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, gbogbo wọn á jọ tò sórí bẹ́ǹṣì wa, wọ́n á máa bú ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti fi èjìká ru sìmẹ́ńtì, ìyẹ̀fun àti iyọ̀ fún bí ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí agbára wà, ẹlòmíràn nínú wọn ń gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí èmi fi mọ̀ wọ́n, àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ti tó láti mú wọn dúró kí wọ́n gba èémí.

Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Dókítà pè mí yẹn, òtútù àyà ti pa mẹ́ta nínú wọn. Ẹnì kan kú lójú mi. Bàbá náà ń gbé nítòsí Málù Road. Ọjọ́ karùn-ún tí ikọ́ ti ń ṣe wọ́n ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn wá. Nílé, wọ́n ti fún wọn ní àgbo, wọ́n ti fi róòbù pa wọ́n láyà, wọ́n ti ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń mí bí ẹni tó sáré láti Kirikírí dé Àpápá, ètè wọn sì ti pàwọ̀ dà. A fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí wọn nímú, Dókítà gún wọn ní abẹ́rẹ́, a ṣe ohun tó yẹ ká ṣe. Kò tó agogo méjìlá tí wọ́n fi kú. Ìyàwó wọn dì mí lápá mú. Wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, ṣebí ikọ́ lásán ni?”

Dókítà náà ò gbàgbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n fi ní kí n jókòó nìyẹn. Wọ́n sọ fún mi pé àjẹsára kan wà fún kòkòrò àrùn tó sábà máa ń fa òtútù àyà fún àgbàlagbà, pé wọ́n ti kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní ìgbà mẹ́rin lórí rẹ̀, àti pé àwọn ọ̀gá náà ti gbà níkẹyìn láti rà á láti òkè òkun. Ó máa tó gbogbo àwọn àgbàlagbà tó wà nínú ìwé wa.

“Ọmọdé nìkan ni mo mọ̀ pé à ń fún ní àjẹsára, sà,” ni mo wí.

“Gbogbo ayé ló rò bẹ́ẹ̀,” ni Dókítà dáhùn. “Èyí ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún ọ. Gígún abẹ́rẹ́ ò le. Ẹnikẹ́ni níbí lè gún un. Kí àwọn bàbá yẹn gbà kí a gún wọn, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.”

Mo jáde ní ọ́fíìsì wọn, orí mi wú. Èmi tí mo jẹ́ pé nígbà tí àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ bá wá, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ni mo máa ń sá sí.

Fíríìjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé àjẹsára náà kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Fíríìjì kan ṣoṣo tó wà ní kíliníìkì, oúnjẹ ọ̀sán gbogbo wa ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹja dídín akọ̀wé wa àti omi tútù àwọn awakọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo fọ fíríìjì náà, mo so tẹmọ́mítà kan mọ́ inú rẹ̀, mo sì lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣí i láìjẹ́ èmi yóò dá Dókítà lóhùn. Akọ̀wé bínú sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́kíṣọ́ọ̀bù àwọn mẹ́káníìkì ilé iṣẹ́, mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi tan jẹnẹrétọ̀ fún wa. Nígbà tó yá, kí wọ́n tilẹ̀ tó rí mi ni wọ́n á ti tàn án. Wọ́n ní ojú mi ń dẹ́rù bà wọ́n.

Dókítà yan ẹnì kan tì mí, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan tí òun àti èmi jẹ́ ẹgbẹ́. Ọmọ ìpínlẹ̀ Bendel ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ Yorùbá bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó, àmọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn tàbí tó bá ń bínú, Pidgin ló máa sáré jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun nìkan ni mi ò rí i kí ó bá aláìsàn jà rí.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ dé, a kọ ìkéde, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, a jókòó, a ń retí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni mẹ́rin ló wá. Méjì nínú wọn, orí fífọ́ ni wọ́n bá wá. Mo wò ó pé tí a bá ń jókòó báyìí, ọyẹ́ á tún dé bá wa lórí ìjókòó. Àwọn bàbá náà ní ẹgbẹ́ kan tó máa ń ṣe ìpàdé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ajégúnlẹ̀, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn tí àkókò ìmọ́tótó àyíká bá ti parí. Àwa méjèèjì lọ bá wọn níbẹ̀.

Orí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ iléèwé ni wọ́n jókòó sí, eékún wọn ga ju ikùn wọn lọ. Alága wọn nìkan ló wà lórí àga tíṣà. Bàbá gíga kan ni, aṣọ kakí tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣì jẹ́ fóòmáànù. Wọ́n fún mi láyè, mo sì sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi: kòkòrò àrùn, ẹ̀dọ̀fóró, agbára ara tó ń dínkù. Mo sọ̀rọ̀ gan-an.

Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn ló kọ́kọ́ dá sí i. “Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti ọmọ ọwọ́ ni. Ṣé ẹ rí eyín wàrà lẹ́nu wa ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá mìíràn, ẹni tó rí tín-ínrín, tí ẹnu rẹ̀ mú, dìde dúró. “Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká ronú. Ìgbà tí a ń fọ́ èjìká fún wọn, ta ló fún wa ní abẹ́rẹ́? Ní báyìí tí a ò ṣe wọ́n láǹfààní mọ́, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́ kiri láti fún wa. Wọ́n fẹ́ dín wa kù ni.”

Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, nítorí mo rí i tí àwọn kan ń mi orí pé òótọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá Alága gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. “Ọmọ mi, ìyá tó bí ọ ń bẹ láyé?”

“Wọ́n ń bẹ, sà. Ajégúnlẹ̀ níbí ni wọ́n wà. Opó ọ̀kan nínú yín ni wọ́n.”

“Ṣé ìyá ti gba abẹ́rẹ́ yìí?”

Mi ò lè purọ́. “Rárá, sà.”

Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Alága ní, “A ti gbọ́. Ẹ máa lọ, ẹ ṣé.”

Òótọ́ ni pé mo ti bá Màámi sọ ọ́. Wọ́n ti lé mi jáde. Ọmọ márùn-ún ni Màámi bí, wọn ò pariwo lórí ìkankan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbọ́ abẹ́rẹ́, wọ́n á dìde níbi tí wọ́n jókòó sí. Lẹ́yìn ìpàdé yẹn mo tún padà lọ bá wọn. Mo kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ kalẹ̀. Mo dárúkọ bàbá tó kú lójú mi. Mo sọ pé àwọn náà ti lé ní àádọ́rin, pé àyà wọn ò le bíi ti tẹ́lẹ̀.

“Ikọ́ wo ló ń ṣe mí?” ni Màámi wí.

“Ikọ́ kankan ò ṣe yín, Màámi. Ìgbà tí kò tíì ṣe yín la máa ń gbà á.”

“Nígbà tó bá ṣe mí, wàá fún mi ní oògùn. Nọ́ọ̀sì ṣá ni mo bí.” Wọ́n kọjú sí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó. “Gírámà tí o ń pa yìí, lọ pa á fún àwọn tó ń sanwó oṣù fún ọ.”

Mo lọ sílé, mo ń bínú. Nígbà tí a dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, mo sọ ọ́ fún ẹnì kejì mi, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí Màámi dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ kí wọn. Mo tẹ̀lé e. Ó fa àpótí kékeré kan, ó jókòó, ó bu ẹ̀gúsí sínú àwo, ó bẹ̀rẹ̀ sí bó o. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń yọ eyín. Ó tó wákàtí kan. Ìgbà yẹn ló wá bi wọ́n, láìgbé ojú sókè, pé, “Mama, kí ni abẹ́rẹ́ ṣe yín?”

Màámi gbé ẹ̀gúsí wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Ajégúnlẹ̀, kí wọ́n tó bí mi, ọkùnrin kan wà tó máa ń gbé báàgì awọ kiri ojúlé, tó ń gún àwọn ènìyàn ní abẹ́rẹ́ ibà. Dókítà ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe dókítà. Abẹ́rẹ́ kan náà ló fi ń gún gbogbo àdúgbò. Ó gún Màámi ní ìdí, ibẹ̀ wú, ó di kókó, ó tú. Oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi lè jókòó. Oyún tó wà nínú wọn nígbà náà bàjẹ́.

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ti ń wọ aṣọ funfun fún ọdún mẹ́fà, mi ò sì bi ìyá mi rí pé kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Mo kàn ń bínú pé wọn ò gbọ́ tèmi.

Ẹnì kejì mi kò bá wọn jiyàn. Ó ní, “Ìyẹn burú, Mama. Èmi náà, tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbà mọ́.” Lẹ́yìn náà ló yọ sírínjì kan nínú báàgì rẹ̀, èyí tí bébà rẹ̀ ṣì wà ní lílẹ̀. Ó gbé e fún wọn lọ́wọ́. “Ẹ wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo la ń fi ọ̀kan gún, a ó jù ú nù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ya bébà rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ó ti ya tẹ́lẹ̀, make una drive us.”

Màámi yí i lọ, wọ́n yí i bọ̀. Wọ́n bi í ibi tí wọn yóò ti gún àwọn. Ó fi ọwọ́ kan apá wọn lókè. Wọ́n ní, “Kì í ṣe ìdí?” Ó ní kì í ṣe ìdí. Wọ́n wá yíjú sí mi. “Àwọn bàbá tí o ní wọ́n bi ọ́ nípa mi yẹn, ìgbà wo ni wọ́n tún fẹ́ ṣèpàdé?”

Bí Màámi ṣe tẹ̀lé wa lọ sí ìpàdé oṣù kejì nìyẹn, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gèlè wọn lé ténté. Wọ́n jókòó sí àárín àwọn ọkùnrin náà láìbẹ̀rù. Wọ́n ya bébà sírínjì fúnra wọn. Èmi ni mo fi sípíríìtì nu apá wọn. Wọ́n pa ojú dé, ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀ pé Sáàmù ni wọ́n ń kà sínú. Mo gún un.

“O ò tíì gún un?” ni Màámi bi mí.

“Mo ti yọ ọ́, Màámi.”

Wọ́n la ojú. Wọ́n wo òwú tó wà lápá wọn, wọ́n sì wo àwọn bàbá náà yíká, ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ẹ̀yin lẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì?” ni wọ́n wí. Ẹ̀rín sọ, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí ká ọwọ́ aṣọ sókè.

Lọ́jọ́ yẹn mi ò pa gírámà kankan. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan sí ẹ̀gbẹ́, mo ń jókòó ti wọ́n lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, mo ń bi wọ́n pé kí ló wà lọ́kàn wọn. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe yàtọ̀ síra. Ẹnì kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á burú sí i. Ẹnì kan ò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kékeré rò pé ó ti di arúgbó. Àlàájì kan bi mí bóyá ohun èèwọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀, mo sì ṣèlérí pé n ó wádìí. Lọ́jọ́ kẹta, Dókítà fúnra wọn bá a jókòó ní kíliníìkì, wọ́n ka ìwé tó bá abẹ́rẹ́ náà wá fún un látòkè délẹ̀. Ó gbà á. Mo sọ fún gbogbo wọn pé apá lè dùn wọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì, pé ara lè gbóná díẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni abẹ́rẹ́ yìí ń dènà, nítorí náà tí ikọ́ bá dé pẹ̀lú ibà, tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí èémí wọn bá ń sáré, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí bí àdúrà. Wọ́n sì kọ́ ọ.

Bàbá Alága kò gbà á lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo bí apá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe máa rí ná. Bàbá tín-ínrín tí ẹnu rẹ̀ mú náà kọ̀, ó bínú jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo rí aṣọ kakí Bàbá Alága lẹ́nu ọ̀nà kíliníìkì. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n bá wá. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ìtàn ọkọ̀ kan tó kó ẹja panla wá lọ́jọ́ kan tí kò sí ẹni tó lè já a, wọ́n bi mí nípa àwọn ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, wọ́n tú bọ́tìnnì ọwọ́ aṣọ wọn, wọ́n na apá sí mi, wọ́n sì kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tó yá, ó ku ẹnì kan nínú ìwé tí a ò rí. Snake Island ló ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, òdìkejì omi sí Tin Can. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ kan, kò lè wọ ọkọ̀. Dókítà ní kí a fi sílẹ̀ tí kò bá ṣeé ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, omi sì máa ń bà mí lẹ́rù títí dòní, ṣùgbọ́n mo ní a máa lọ. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni a wọ̀. Mo gbé kúlà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ lé itan, omi dídì ní ìsàlẹ̀, aṣọ ìnura láàárín kí yìnyín má bàa kan ìgò. Ìgbì tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń dá ń gbé wa sókè, ń sọ̀ wá kalẹ̀. Mo di kúlà mú, mo pa ojú dé. Ẹnì kejì mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. “Sister, na you dey carry cooler abi na cooler dey carry you?”

Bàbá náà wà lórí ẹní lábẹ́ ìbòòji. Nígbà tí a sọ ibi tí a ti wá, wọn ò kọ́kọ́ gbà wá gbọ́. Wọ́n wo aṣọ wa, wọ́n wo kúlà.

“Torí tèmi lẹ ṣe la omi kọjá?”

“Torí tiyín ni, sà. Orúkọ yín ló kù nínú ìwé.”

“Orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀?” Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ti rò pé ní wọ́ọ̀fù, kò sí ẹni tó rántí àwọn mọ́. Wọn ò bi wá ní ìbéèrè kankan nípa abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn tí mo gún un, a dúró fún bí ààbọ̀ wákàtí láti wò ó bóyá ara wọn á kọ̀ ọ́. Ọmọ wọn gbé ẹja yíyan kalẹ̀ fún wa, a sì jẹ ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tí a ń padà, mo la ojú mi. Mo wo àwọn kíréènì ní Tin Can, mo wo ilé epo lọ́hùn-ún ní apá Kirikírí, mo sì ń sọ nínú ara mi pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìwé wa tí a kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Mi ò ní purọ́ pé ikọ́ ò wọ ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn bàbá wú ikọ́ bí wọ́n ṣe máa ń wú u lọ́dọọdún. Bàbá kan kú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ṣùgbọ́n títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí ẹni tí òtútù àyà mú lọ nínú àwọn tí a gún. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní in, bàbá tín-ínrín tí ẹnu rẹ̀ mú ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ló gbé e wá lórí ọ̀kadà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, òun láàárín, ní ọjọ́ kejì tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Àlàájì yẹn wà lára wọn. Ó kà á fún mi lẹ́nu ọ̀nà láìmí: “Ibà wà, àyà ń dùn ún, èémí ń sáré. A ò dúró.”

Torí pé wọ́n tètè gbé e wá, oògùn ràn án. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò lọ́dọ̀ wa. Ní ọjọ́ tó fẹ́ lọ sílé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bi mí bóyá abẹ́rẹ́ yẹn ti tán. Mo ní ó ku díẹ̀. Dókítà ní kí ara rẹ̀ kọ́kọ́ le, ó sì padà wá gbà á lóṣù tó tẹ̀lé e. Mi ò bi í nípa ọ̀rọ̀ tó sọ ní ìpàdé. Òun náà ò mẹ́nu bà á. Ó bá mi kó àwọn àga tó wà ní yàrá ìdúró tò kó tó lọ, mo sì mọ ohun tó fi ń sọ.

Àwọn kíliníìkì ilé iṣẹ́ mìíràn ní Àpápá gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí Dókítà pé kí wọ́n wá sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, Dókítà ní kì í ṣe àwọn ló ṣe é, wọ́n rán èmi àti ẹnì kejì mi lọ. A dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ nọ́ọ̀sì, a kọ́ wọn bí a ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́ náà, a sì kọ́ wọn bí a ṣe ń bi àgbàlagbà ní ìbéèrè. Ohùn mi gbọ̀n fún ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò gbọ̀n mọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1990, Dókítà fẹ̀yìn tì. Níbi tí a ti ṣe ìdágbére fún wọn, àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀, wọ́n yìn wọ́n nítorí oríṣiríṣi nǹkan, wọ́n sì dárúkọ àwọn bàbá wọ́ọ̀fù. Nígbà tó kan Dókítà láti fèsì, wọ́n pe àwa méjèèjì síwájú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní, “Èmi kọ lẹ́tà. Àwọn wọ̀nyí ló mú un dé ara àwọn ènìyàn.” Wọ́n sì ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún wa. Ẹnì kejì mi fi ìgbúnwọ́ gún mi ní ìhà, ó ní, “No cry o.” Òun gan-an ló ń sunkún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, a jọ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé gba Málù Road, láàárín àwọn tírélà àti àwọn oníwẹ́dà. A máa ń pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́ kí a tó jáde ní Àpápá, nítorí eruku àti ọ̀rá ọ̀nà yẹn kì í jẹ́ kí funfun pẹ́ lára ènìyàn. Lọ́jọ́ yẹn a ò pààrọ̀ rẹ̀. A wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú fìlà wa lórí, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i.